VM lórí kọ̀ǹpútà ilé fún TP: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù àti ìdáhùn wọn

Àwọn àbúrò tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Bénẹ̀, àwọn ti Kálávì o, àwọn ti Dangbo o, àti àwọn tó jókòó sílé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ fúnra wọn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àgàgà tí prof bá ti ní kí kálukú ní Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) lọ́wọ́ kí TP (iṣẹ́ àṣefọwọ́ṣe) ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ni mo bá kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbí. VirtualBox, sọ́fítíwíà kan tó ń ṣe VM, ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ torí òun lẹ̀ ń lò jù, orúkọ bọ́tìnnì màá sì fi í sílẹ̀ ní Faransé bó ṣe wà lórí Windows ọ̀pọ̀ nínú wa, kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni VM tí wọ́n ń sọ yìí gan-an?

«Machine virtuelle» ni wọ́n gé kúrú sí VM. Kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ kò ní ara tiẹ̀. Sọ́fítíwíà kan ló máa gé díẹ̀ lára RAM yín (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), díẹ̀ lára prosẹ́sọ̀, díẹ̀ lára dísìkì, á wá kó o jọ di kọ̀ǹpútà míì tó ń ṣí nínú fèrèsé kan lórí Windows. Ẹ lè fi Linux sínú ẹ̀, ẹ lè bà á jẹ́ tán pátápátá, Windows tó wà níta ò ní mọ̀ sí i. Àyálégbé ni kẹ́ ẹ pè é: ó ní yàrá tiẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, àmọ́ omi onílé náà ló ń pọn, tó bá pọn ọ́n jù, ẹni tó nilé gan-an ò ní rí omi wẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà tó wà nísàlẹ̀ yìí ti ń wá.

Kí ló dé tí mi ò kàn ní fi Linux sórí kọ̀ǹpútà tààrà?

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, kò burú, ẹ ṣe é. Àmọ́ nílé tiwa, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò: ìwé ilẹ̀ bàbá wà níbẹ̀, ìṣirò ọjà ìyá wà níbẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ubuntu, ọ̀kan lára oríṣiríṣi Linux, máa gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í sórí, «Effacer le disque et installer Ubuntu», ẹni tó bá tẹ ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà gidi láìronú, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn ló lọ yẹn, mi ò sì bá a débẹ̀ nígbà tí bàbá bá dé.

Nínú VM, ọ̀rọ̀ kan náà yẹn á jáde, àyà àwọn kan á já, wọ́n á pè mí láàárín òru. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Dísìkì tó ń sọ pé òun fẹ́ pa rẹ́ yẹn, fáìlì kan lásán ni lórí Windows yín, òfìfo ló sì wà.

RAM 4 GB ni mo ní. Ṣé ó lè gbé e?

Ó lè gbé e, tẹ́ ẹ bá lè fi ojú kòkòrò sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ubuntu tó ní tábìlì àti àwòrán, ìyẹn èyí tó ń ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ lè fi eku tẹ̀ bíi ti Windows, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní 4 GB ló dáa fún un, Windows 11 náà ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 4 GB, ẹ wá rò ó wò kí àwọn méjèèjì pín 4 GB kan ṣoṣo. Kò ní ṣe é ṣe, gbogbo ẹ̀ á kàn máa wá dísìkì lọ máa bọ̀, ẹ á tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ á lọ jẹun, ẹ á bọ̀, kò tíì ṣí.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ní 4 GB ni pé kó fi Ubuntu Server tàbí Debian (Linux míì) tí kò ní tábìlì sí i, kó fún un ní 1.5 GB, ó ti tó. Iboju dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun ni, òótọ́ ni, kò dùn ún wò, àmọ́ C máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Python máa ṣiṣẹ́, Apache àti MariaDB á ṣiṣẹ́, TP system gan-an kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá lè ṣe kẹ́ ẹ máà rí tábìlì, ẹ wá Lubuntu tàbí Xubuntu, àwọn Ubuntu tó fúyẹ́, ẹ fún un ní 2 GB, kẹ́ ẹ sì pa Chrome pátápátá tó bá ń ṣiṣẹ́. Pátápátá ni mo wí, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn fà á sísàlẹ̀.

Ẹni tó ní 8 GB, ẹ fún VM ní 3 tàbí 4, ẹ ò ní ní wàhálà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa ìlà RAM yẹn, ó ní apá tó jẹ́ àwọ̀ ewé àti apá tó pọ́n, ẹ má fà á dé apá tó pọ́n. Prosẹ́sọ̀ náà bẹ́ẹ̀, méjì tó, ẹ má fún un ní gbogbo ẹ̀.

Tí ẹ bá rí owó díẹ̀, ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà tuntun o. Ẹ yọ dísìkì àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri yẹn, ẹ fi SSD, dísìkì tí kì í yí, sí i. Èmi ò tíì rí owó kékeré míì tí ń yí ọjọ́ ogbó kọ̀ǹpútà padà bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà mi lè ṣe VM?

Ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Gestionnaire des tâches á ṣí, ẹ lọ síbi Performance, ẹ tẹ Processeur, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ máa rí «Virtualisation». Tó bá sọ pé Activé, ẹ fo ọ̀rọ̀ BIOS, ẹ lọ síbi ìbéèrè VirtualBox, VMware àti Hyper-V. Tó bá sọ pé Désactivé, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà yín ò dáa, wọ́n kàn ti ibẹ̀ pa nínú BIOS ni, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí. Intel ti ń fi nǹkan yìí sínú prosẹ́sọ̀ láti 2005, AMD láti 2006, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí ò ní in rárá ti di ọ̀wọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa ṣí i nínú BIOS?

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì kan léraléra kí Windows tó gbá a mú. Lórí HP, F10 ni, tàbí Échap kẹ́ ẹ tó tẹ F10. Dell, Acer àti Asus, F2 ló pọ̀ jù. ThinkPad, F1. Tí Windows bá ń yára jù tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè tẹ̀ ẹ́, ẹ di Maj mú kẹ́ ẹ tó tẹ Redémarrer, ẹ lọ sí Dépannage, lẹ́yìn náà Options avancées, lẹ́yìn náà «Changer les paramètres du microprogramme UEFI».

Nínú BIOS, orúkọ tẹ́ ẹ máa wá ni Intel Virtualization Technology tàbí VT-x, tó bá jẹ́ AMD, SVM Mode. Ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ Advanced, sábẹ́ Security tàbí sábẹ́ System Configuration, ẹ fara balẹ̀ wá a. Ẹ sọ ọ́ di Enabled, ẹ tẹ F10 kó gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá pa kọ̀ǹpútà pátápátá kẹ́ ẹ tó tún tàn án. Tí ẹ ò bá ṣe èyí, VirtualBox á máa pariwo VERR_VMX tàbí VERR_SVM_DISABLED lé yín lórí, àbí kẹ́ ẹ rí i pé Linux 32-bit nìkan ló ń fi hàn yín nínú ìwé orúkọ ẹ̀.

BIOS ń bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù tí mi ò mọ̀.

Háà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó nìyẹn, iléeṣẹ́ kan ló ni ín tẹ́lẹ̀, wọ́n ti BIOS ẹ̀ pa kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn má baà fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́rọ́ wá kú sọ́wọ́ wọn. Tí virtualisation bá ti wà ní Activé tẹ́lẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Tó bá wà ní Désactivé, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín tó bá ṣì máa gbà á. Ẹni tí ò tíì rà á ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù: kẹ́ ẹ tó sanwó, yálà ní Wàǹdó ni o tàbí ní Kútọnu, ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù tàn án, ẹ wọ BIOS lójú ẹ̀, ẹ rí VT-x pẹ̀lú ojú yín. Ẹni tí ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó, ẹ fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

VirtualBox, VMware, Hyper-V, èwo ni kí n mú?

VirtualBox, tí prof ò bá ti dárúkọ òmíràn. Iléeṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ innotek ló gbé e jáde ní 2007, Sun rà wọ́n ní 2008, Oracle wá ra Sun ní 2010, láti ìgbà náà ọ̀fẹ́ ló ṣì wà. VMware Workstation Pro ń yára jù ú lọ díẹ̀ lójú tèmi, òun náà sì ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn láti oṣù kọkànlá 2024, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Broadcom kẹ́ ẹ tó rí i dáúnlóòdù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ rú èèyàn lójú. Hyper-V, ti Microsoft, ò sí nínú Windows Famille rárá, Windows Professionnel ló ń bá wá.

Mac M1 ni tèmi.

Prosẹ́sọ̀ tiyín yàtọ̀, ARM ni. Ẹ lo UTM, sọ́fítíwíà tó ń ṣe VM lórí Mac, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì dáúnlóòdù Linux tí wọ́n kọ arm64 sí, kì í ṣe amd64. VirtualBox náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láti 7.1. Ṣùgbọ́n tí prof bá fún yín ní VM tó ti ṣe sílẹ̀ fún Intel, ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ tó ní Windows.

Ubuntu yẹn tóbi jù, ṣé gbogbo mẹ́gà mi ni kí n fi dáúnlóòdù ẹ̀?

Rárá o, ẹ má dán an wò. Ubuntu 24.04 tó ní tábìlì sún mọ́ 6 GB. Server á tó nǹkan bíi 3 GB. Debian «netinst» ò tó 1 GB, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, ohun tó kù ló máa fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í sórí, tí kọnẹ́ksíọ́ọ̀nù bá já láàárín, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹnì kan nínú kíláàsì dáúnlóòdù ẹ̀ níbi tí Wi-Fi wà, kí gbogbo èèyàn wá fi kílé USB gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin ò kọ̀ ọ́, Linux ni, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ lè pín in. Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ rèé: ẹ máa gbé fáìlì 6 GB sórí kílé 32 GB, Windows á ní ó tóbi jù, ẹ á ní «ṣebí ààyè wà níbẹ̀». Ààyè wà lóòótọ́, àmọ́ FAT32 ni wọ́n fi ṣe kílé yẹn, FAT32 kì í sì gba fáìlì kan tó bá ti tó 4 GB. Ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, Formater, ẹ mú exFAT, ó tán.

Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ rí i dájú pé ó pé. Ẹ ṣí cmd (fèrèsé dúdú tí Windows fi ń gba àṣẹ) níbi tí fáìlì yẹn wà, ẹ kọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín sí i:

certutil -hashfile ubuntu.iso SHA256

Ó máa kọ ìlà gígùn kan, ẹ fi wé èyí tí Ubuntu kọ sórí ìkànnì wọn. Lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì yẹn ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ lo àsìkò yín lórí ẹ̀.

Mo tẹ Nouvelle, mo tẹ̀lé gbogbo ẹ̀, Linux fi ara ẹ̀ sórí láìbi mí ní nǹkan kan, kò sì jẹ́ kí n lo sudo (àṣẹ tó ń fúnni lágbára alábòójútó).

VirtualBox láti 7.0 fẹ́ràn kó máa bá èèyàn ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti fi ISO (fáìlì Linux tẹ́ ẹ dáúnlóòdù) hàn án lójú ìwé àkọ́kọ́, á ní òun máa fi í sórí fúnra òun, àpótí kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé rárá. Ẹ sọ pé rárá. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó ṣe é, orúkọ tó máa fún yín ni vboxuser, páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ changeme, ẹni náà ò sì sí lára àwọn tó lè lo sudo. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ «su -», ẹ fi changeme sí i, ẹ wá kọ «adduser vboxuser sudo», ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Àmọ́ èmi ì bá kúkú pa á rẹ́ kí n tún un ṣe pẹ̀lú orúkọ ara mi.

Dísìkì, ẹ fún un ní 25 GB. Kò ní gba 25 yẹn lójú ẹsẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń lò ó ni fáìlì yẹn ṣe máa ń tóbi sí i, tẹ́ ẹ ò bá ti fàmì sí ibi tó ní kó gba gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Páásíwọ́ọ̀dù tí mo fi sí i, ó ní kì í ṣe òun, bẹ́ẹ̀ mi ò gbàgbé.

Kíbọ́ọ̀dù ni. Ọjà wa kún fún méjì: kọ̀ǹpútà tó wá láti Faransé, AZERTY ló wà lórí ẹ̀, èyí tó gba Nàìjíríà wọlé, QWERTY ni. Tí Linux bá rò pé QWERTY lẹ ní nígbà tó jẹ́ AZERTY ló wà lábẹ́ ìka yín, a á di q, z á di w, m á di àmì ẹlẹ́sẹ̀ kan báyìí ;. Ẹni tó tẹ «maman», ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni «;q;qn», bẹ́ẹ̀ páásíwọ́ọ̀dù kì í fi ara ẹ̀ hàn, ìràwọ̀ lásán lẹ máa rí, ta ló máa mọ̀?

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi Linux sórí, ó ní ibi tó ti ń bèèrè kíbọ́ọ̀dù, àpótí kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè dán an wò. Ẹ má fò ó. Ẹ tẹ a, z, m àti nọ́ńbà kan, ẹ wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ló jáde, kẹ́ ẹ tó lọ síbi páásíwọ́ọ̀dù.

Tó bá ti bọ́ sórí, ẹni tó ní tábìlì, ẹ wo òkè lójú ìwé ìwọlé, ẹ máa rí «en» tàbí «fr», ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i. Ẹni tó ní Server kò ní ohun tó máa tẹ̀, àṣẹ ló máa kọ, àṣẹ yẹn sì rèé:

sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration

Wàyí o, AZERTY lẹ ní lọ́wọ́, QWERTY ni Linux ń gbọ́, ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà yẹn. Ohun tí ìka yín máa tẹ̀ gan-an rèé:

sudo dpkg)reconfigure keyboqrd)configurqtion

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ «passwd» kẹ́ ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i lórí kíbọ́ọ̀dù tó ti tọ́, kí èyí àtijọ́ má baà dà yín láàmú lọ́jọ́ míì.

Aago inú VM ò bá ti òde mu.

Ẹ kọ «sudo timedatectl set-timezone Africa/Porto-Novo». Bẹ́ẹ̀ ni o, Porto-Novo ló wà níbẹ̀, Kútọnu ò sí. Ẹ jẹ́ káwa ará Àjàṣẹ́ fi ìyẹn yangàn díẹ̀.

Ojú ẹ̀ kéré tóńtó, eku kọ́ńpútà sì há sínú ẹ̀, kò jáde mọ́.

Kó jáde: ẹ tẹ Ctrl ọwọ́ ọ̀tún. Láptọ́ọ̀pù kan ò ní Ctrl ọ̀tún, ẹ lọ yí bọ́tìnnì yẹn padà nínú Préférences kó tó di pé ẹ há. Kí ojú ẹ̀ tóbi: ẹ lọ sí Périphériques, «Insérer l'image CD des Additions invité», ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ tún VM tàn. Tó bá ṣàròyé, ohun tó ń wá ni gcc, make àti àwọn linux-headers, ẹ fi wọ́n sórí kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Iná lọ lójijì nígbà tí VM ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo tún un ṣí, ó dúró síbi tó kọ (initramfs).

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì, àgàgà lásìkò òjò. Lọ́pọ̀ ìgbà, Linux máa tún ara ẹ̀ ṣe láìsọ fún yín. Tó bá wá dúró sí (initramfs), ẹ ka ohun tó kọ sókè, ó máa dárúkọ dísìkì tó ń ṣàìsàn, bíi /dev/sda2. Ẹ kọ «fsck -y /dev/sda2», orúkọ tó dá ni kẹ́ ẹ kọ kì í ṣe tèmi, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ kọ «exit». Ó sábà máa ń dìde. Àmọ́ fáìlì tẹ́ ẹ ń kọ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pamọ́, ẹ kí i pé ó dìgbóṣe.

Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù, tí iná bá ti lọ, ẹ má dúró kí bátìrì kú sí yín lórí. Ẹ tẹ àmì X fèrèsé VM, ẹ mú «Enregistrer l'état de la machine», á sùn bó ṣe wà, tí iná bá dé ẹ á bá gbogbo nǹkan níbi tẹ́ ẹ ti fi í sílẹ̀. «Éteindre la machine» tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe ọmọlúwàbí o, kò yàtọ̀ sí kí iná lọ.

Kí ni «Instantané»?

Òun ni ohun tó dáa jù nínú VM, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í bi mí. Ẹ ti fi Linux sórí tán, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù tọ́, aago tọ́: ẹ pa VM, ẹ tẹ Instantanés, ẹ tẹ Prendre, ẹ fún un lórúkọ. Tó bá di ọ̀la tẹ́ ẹ fi rm -rf pa /etc rẹ́ torí prof ní kẹ́ ẹ dánra wò, ẹ tẹ Restaurer, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti padà sí bó ṣe wà. Ẹ máa mú un kí TP kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣì í mú o: orí dísìkì kan náà ló wà. Tí láptọ́ọ̀pù bá ṣubú tàbí wọ́n jí i gbé, òun náà lọ. Iṣẹ́ mémoire yín, ẹ fi sórí kílé tàbí kẹ́ ẹ fi git gbé e síta. Ẹ má sì kó mẹ́wàá jọ láìpa èyí àtijọ́ rẹ́, dísìkì á kún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò rò ó sí.

Prof ní kí n fi ssh (ọ̀nà láti wọ kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè kọ àṣẹ) wọ VM láti orí Windows, kò gbà.

VM yín wà lórí NAT, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi VM pamọ́ sẹ́yìn Windows, 10.0.2.15 ni àdírẹ́sì tẹ́ ẹ máa rí nínú ẹ̀, Windows ò sì lè dé ibẹ̀ tààrà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yí i sí «Accès par pont». Tó bá jẹ́ hotspot fóònù lẹ̀ ń lò, ìyẹn máa ń ṣe ségesège. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí NAT, ẹ lọ sí Configuration, Réseau, «Redirection de ports», ẹ fi kún un: port hôte 2222, port invité 22. Lẹ́yìn ẹ̀, láti cmd Windows:

ssh -p 2222 orukoyin@127.0.0.1

Kó tó lè gbà ṣá, openssh-server gbọ́dọ̀ wà nínú VM.

Mẹ́gà mi ń gbẹ láìṣe nǹkan kan.

VM ni. Ubuntu ń wá àtúnṣe tuntun fúnra ẹ̀, ẹ sọ fún Windows pé kọnẹ́ksíọ́ọ̀nù yín ní òdiwọ̀n, Linux tó wà nínú VM ò gbọ́ ìyẹn. Tí TP ò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé VM lọ́tùn-ún, ẹ já wáyà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, ẹ so ó padà.

Mo ṣe «Dossier partagé», Linux ní «Permission non accordée».

Ẹ kọ «sudo adduser $USER vboxsf», ẹ pa VM kẹ́ ẹ tún un tàn. Àpò yẹn á wà ní /media/sf_ pẹ̀lú orúkọ tẹ́ ẹ fún un. Additions invité gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibí.

VM mi ń wọ́ bí ìgbín, mo sì rí ìjàpá kékeré kan nísàlẹ̀.

Ìjàpá yẹn ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ o. Ó túmọ̀ sí pé Hyper-V ti gba ibi tí VirtualBox fẹ́ jókòó sí. Ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí administrateur, ẹ kọ «bcdedit /set hypervisorlaunchtype off», ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tí ìjàpá bá ṣì wà, ẹ wo «Isolation du noyau» nínú Sécurité Windows. Ààbò ni ìyẹn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ má lọ máa fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣí gbogbo kílé tẹ́ ẹ bá rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ti bcdedit padà, auto ni kẹ́ ẹ kọ dípò off.

Wọ́n ní WSL (Linux tí Microsoft fi sínú Windows) ti tó, pé kí n fi VM sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ C, Python àti git nìkan, òótọ́ ni wọ́n sọ, «wsl --install» nínú PowerShell, ó tán, ó sì fúyẹ́. Tó bá jẹ́ TP réseau, tẹ́ ẹ nílò kọ̀ǹpútà méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, tàbí TP tẹ́ ẹ ti ń pín dísìkì, VM ni. Ẹ sì rántí pé bcdedit tí mo sọ lókè yẹn máa ń pa WSL 2 ní ẹnu, ẹ ò lè gbádùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé mo lè fi Windows Server sínú VM láìsanwó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Microsoft fúnra wọn ń fún èèyàn ní ti ìdánwò, ọjọ́ 180 fún Windows Server, ọjọ́ 90 fún Windows Entreprise. TP Active Directory ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí kílé, kòkòrò ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé mo lè fi Kali (Linux tó kún fún irinṣẹ́ ìdánwò ààbò) dán Wi-Fi àwọn ará àdúgbò wò?

Ẹ má ṣe é o. Bénẹ̀ ní òfin lórí ìyẹn, Code du numérique, òfin 2017-20 tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹrin 2018, ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìgbàṣẹ, ó lè dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ ṣe VM méjì, ẹ fi àwọn méjèèjì sórí «Réseau interne», kí ọ̀kan máa kọlu èkejì, ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ kan náà lẹ sì máa kọ́.

Báwo ni mo ṣe máa gbé VM mi fún prof?

Ẹ pa á dáadáa, kì í ṣe kẹ́ ẹ mú un sùn. Ẹ lọ sí Fichier, «Exporter un appareil virtuel», á di fáìlì kan tó ń parí pẹ̀lú .ova. Ó lè tó GB mélòó kan, nítorí náà exFAT tí mo sọ nípa kílé lókè yẹn ṣì kàn yín. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ yọ páásíwọ́ọ̀dù gidi yín kúrò nínú ẹ̀, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ lè kọ sórí ìwé fún prof, kẹ́ ẹ sì dán ova náà wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ kan, àgàgà tí kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín. Tí prof bá ti gbà á tó ti fún yín ní máàkì, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gba ààyè dísìkì yín padà, ẹ tẹ VM lọ́tùn-ún, Supprimer, kẹ́ ẹ sì mú «Supprimer tous les fichiers», torí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kàn ń yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ni, 25 GB yẹn á ṣì wà níbi tó wà.